Ìgbà Òtútù ní Midwest: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Ìdílé Yorùbá

Ìbéèrè wọ̀nyí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Chicago, Minneapolis, Milwaukee, Detroit, Indianapolis àti àwọn ìlú mìíràn ní Midwest, ìhà àárín-àríwá Amẹ́ríkà, máa ń béèrè lọ́dọọdún, bí ewé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. A tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó gba ìrònú.

Oṣù wo ni òtútù máa ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ni ó sì máa ń parí?

Lórí kàlẹ́ńdà, ọjọ́ 21 tàbí 22 oṣù kejìlá ni ìgbà òtútù bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ará agbègbè yìí tó ń dúró de ọjọ́ náà. Ní Minnesota, Wisconsin àti àríwá Michigan, yìnyín lè kọ́kọ́ bọ́ ní oṣù kẹwàá. Ní Chicago, Detroit àti Indianapolis, oṣù kọkànlá ni a sábà máa ń rí i. Oṣù kìíní ni òtútù máa ń mú jù lọ. Yìnyín ṣì lè bọ́ ní oṣù kẹrin, lẹ́yìn tí oòrùn ti ràn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà ẹ má ṣe tìtorí ọjọ́ mẹ́ta tó móoru kó kóòtù yín pamọ́.

Gbogbo Midwest kò rí bákan náà. Ìpínlẹ̀ 12 ni ìjọba Amẹ́ríkà kà mọ́ ọn, láti Ohio títí dé Kansas àti North Dakota, ẹni tó ń gbé ní St. Louis kì í sì í rí ìdajì yìnyín tí ẹni tó ń gbé ní Duluth ń rí. Àwọn tó wà ní ìhà ìlà oòrùn àti gúúsù adágún Michigan, bíi Grand Rapids àti South Bend, ní tiwọn lọ́tọ̀: atẹ́gùn tútù máa ń gba orí omi adágún náà kọjá, a máa fa ọ̀rinrin rẹ̀ sókè, a sì dà á lé wọn lórí ní yìnyín nígbà tí ojú ọ̀run ìlú mìíràn mọ́ gaara.

Ṣé òtútù yìí ju ọyẹ́ ilé lọ?

Ó jù ú lọ fíìfíì, kò sì jọ ọ́. Ọyẹ́ a máa mú ní òwúrọ̀, bí oòrùn bá sì ti yọ, ara á yá. Níbí, oòrùn lè ràn yòò kí omi tó dì sì má yọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Fahrenheit ni wọ́n fi ń wọn òtútù ní Amẹ́ríkà, dígírì 32 sì ni omi ti ń dì. Ní oṣù kìíní, ọ̀sán Chicago sábà máa ń wà ní nǹkan bí 32, òru rẹ̀ a sì tó nǹkan bí 19. Ní Minneapolis, ọ̀sán jẹ́ nǹkan bí 24, òru sì jẹ́ nǹkan bí 9.

Ọjọ́ tó burú jáì kì í pọ̀ lọ́dún, àmọ́ òun ni kí ẹ múra dè. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2019, òtútù Chicago lọ sí dígírì 23 ní ìsàlẹ̀ òdo, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 31 ní ìsàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius tí a ń lò nílé. Wọ́n ti ilé ìwé pa, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ pàápàá sì dá pípín lẹ́tà dúró ní ọ̀pọ̀ ibi.

Bí ẹ bá ń wo ojú ọjọ́ lórí fóònù, ẹ wo nọ́ńbà méjì: bí òtútù náà ṣe tó gan-an, àti èyí tí wọ́n ń pè ní wind chill, tó ń sọ bí yóò ṣe rí lára nígbà tí atẹ́gùn bá dá sí i. Bí òtútù bá wà ní òdo lórí ìwọ̀n Fahrenheit, tí atẹ́gùn sì ń sáré máìlì 15 ní wákàtí kan, ara tí a kò bò lè bẹ̀rẹ̀ sí í dì láàárín ìṣẹ́jú 30.

Aṣọ wo ni kí n kó wá láti Nàìjíríà?

Ẹ má ṣe fi owó ra kóòtù nílé. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà kò lè dúró de oṣù kìíní ní Midwest. Ẹ wọ súwẹ́tà kan, ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn àti bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú, kí ẹ sì bẹ ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé yín pé kí ó mú kóòtù kan dání wá sí pápákọ̀.

Aṣọ mẹ́ta tí a wọ̀ lé ara wọn sàn ju ẹyọ kan tó tóbi lọ. Èyí tó kan ara gbọ́dọ̀ fún díẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ òwú, nítorí òwú máa ń mu òógùn, a sì di òtútù mọ́ni lára. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ irun àgùntàn tàbí aṣọ onírun. Èyí tó wà lókè ni kóòtù tí atẹ́gùn àti omi kò lè wọ̀. Ìbọ̀wọ́ tí ìka mẹ́rin jọ wà nínú rẹ̀ máa ń móoru ju èyí tí ìka kọ̀ọ̀kan ní àpò tirẹ̀ lọ. Bàtà bọ́ọ̀tù kò gbọdọ̀ fún yín lẹ́sẹ̀, nítorí bàtà tó fún kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé ọmọ ìka.

Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, àwọn ilé ìtajà máa ń já owó aṣọ òtútù wálẹ̀ gidigidi. Ìgbà náà ni kí ẹ ra ti ọdún tó ń bọ̀, kí ẹ sì fi ìwọ̀n kan kún ti àwọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé ló ń pín kóòtù lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá. Kò sí ìtìjú kankan nínú gbígbà á.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òtútù ti fẹ́ ba ara mi jẹ́?

Ìka ọwọ́, ọmọ ìka ẹsẹ̀, etí àti imú ni ó kọ́kọ́ ń mú. Ibẹ̀ á máa ta, lẹ́yìn náà á kú, ẹ kò sì ní mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ìwé ìlera sábà máa ń sọ pé awọ ara á funfun tàbí kí ó di àwọ̀ eérú, ṣùgbọ́n èyí kì í tètè hàn lára aláwọ̀ dúdú, nítorí náà kíkú ara ni kí ẹ fi ṣe àmì. Ẹ wọ inú ilé, ẹ rì í sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe omi gbígbóná. Ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má sì fi yìnyín pa á. Bí ó bá le, tàbí tí ó ṣe ìléròrò, ilé ìwòsàn ni ó kàn.

Bí ẹni tí òtútù ń mú bá ṣíwọ́ gbígbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ́, tí oorun sì ń kùn ún, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ẹ pe 911.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ilẹ̀ máa ń ṣú ní aago mẹ́rin? Ìgbà wo ni kí n máa pe ilé?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, nǹkan bí aago 4:20 ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ ní Chicago. Ẹni tó bá wọ ibi iṣẹ́ láago méje òwúrọ̀, tó jáde láago márùn-ún, lè má rí oòrùn láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì.

Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, Amẹ́ríkà máa ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, Nàìjíríà kì í sì í yí tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wákàtí méje ni Nàìjíríà fi wà níwájú Chicago, Milwaukee àti Minneapolis, wákàtí mẹ́fà ni ó sì fi wà níwájú Detroit, Columbus àti Indianapolis. Bí ẹ bá ti ń pe ìyá yín láago mẹ́ta ọ̀sán ní Chicago láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí í ṣe aago mẹ́sàn-án alẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn, ó ti di aago mẹ́wàá, wọ́n sì lè ti sùn. Ẹ jọ dá àkókò mìíràn ní kíákíá, kí ìpè náà má baà di ohun tó ń bọ́ lọ díẹ̀díẹ̀.

Hítà ilé mi kò móoru tó. Ta ni mo lè bá sọ ọ́?

Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, lánlọ́ọ̀dù ni ẹ ó kọ́kọ́ sọ fún, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ẹ̀rí lè wà. Òfin Chicago sọ pé láti ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án títí di ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, lánlọ́ọ̀dù tó ń bójú tó hítà gbọ́dọ̀ rí i pé inú ilé kò kéré sí dígírì 68 láti aago 8:30 òwúrọ̀ sí 10:30 alẹ́, kò sì gbọdọ̀ kéré sí 66 lóru. Bí kò bá ṣe é, ẹ pe 311, ìjọba ìlú á rán ẹni wá wò ó. Ìlú mìíràn ní òfin tirẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ mọ ti ìlú yín kí òtútù tó dé.

Bí owó gáàsì tàbí iná bá ju agbára yín lọ, ẹ má ṣe dúró títí wọn yóò fi wá gé e. Ẹ pe iléeṣẹ́ náà kí ọjọ́ ìsanwó tó kọjá, kí ẹ bèèrè fún sísan díẹ̀díẹ̀. Ètò ìjọba àpapọ̀ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ LIHEAP, tó ń ran ìdílé tí owó wọn kò pọ̀ lọ́wọ́ láti san owó ìmúlémóoru. Ẹ pe 211 kí wọ́n júwe ọ́fíìsì tó sún mọ́ yín. Àwọn èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ méjì, tí wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé, máa ń rò pé irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe fún àwọn. Ẹ béèrè ná. Ẹni tó béèrè kò dẹ́ṣẹ̀.

Ṣé mo lè tan ààrò gáàsì tàbí èédú kí ilé lè móoru?

Rárá, kì í ṣe fún ìṣẹ́jú kan. Àtupà kẹrosíìnì, èédú, jẹnẹrétọ̀ àti ààrò gáàsì tí a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ máa ń tú afẹ́fẹ́ carbon monoxide jáde, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, a sì máa pa odindi ìdílé lójú oorun. Ilé tó wà níbí dí pinpin nítorí òtútù, kò rí bí ilé tí afẹ́fẹ́ ń gba ojú wíńdò wọlé. Bákan náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ máa ṣiṣẹ́ nínú gáráàjì, bí ẹ tilẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ rí i pé ẹ̀rọ tó ń ké bí afẹ́fẹ́ yìí bá wà nínú ilé wà nítòsí yàrá tí ẹ ń sùn. Bí ó bá ké, tàbí bí orí bá ń fọ́ yín tí èébì sì ń gbé yín, ẹ kó gbogbo ilé jáde sínú òtútù náà kí ẹ tó pe 911.

Ara mi ń gbẹ, ètè mi ń là, ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú ọmọ mi. Kí ni kí n ṣe?

Èyí nìkan ni ó jọ ọyẹ́ dáadáa, ohun tí a sì ń lò fún ọyẹ́ ló ṣiṣẹ́ fún un. Ẹ fi òrí para bí ẹ bá ti jáde nínú ìwẹ̀, nígbà tí ara ṣì tutù díẹ̀. Ẹ dín omi gbígbóná kù. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń fọ́n ọ̀rinrin sínú afẹ́fẹ́ sí yàrá àwọn ọmọ, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́ kí ó má baà hu. Ní ti irun, fìlà onírun àgùntàn máa ń gé e. Ẹ rán aṣọ sátíìnì sínú rẹ̀, tàbí kí ẹ di irun kí ẹ tó dé e.

Kí ni ọkọ̀ mi nílò?

Bátìrì tó ti pẹ́ kì í la oṣù kìíní já, nítorí òtútù máa ń dín agbára rẹ̀ kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń bèèrè fún púpọ̀ sí i. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù kẹwàá. Ẹ máa wọn afẹ́fẹ́ táyà lemọ́lemọ́, kí epo má sì lọ sílẹ̀ ju ìdajì táńkì lọ. Omi ìfọgíláàsì tí ẹ ń lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á dì. Èyí tí wọ́n ṣe fún òtútù ni kí ẹ rà. Nínú bùútù, ẹ fi búláńkẹ́ẹ̀tì, tọ́ọ̀ṣì, ṣọ́bìrì kékeré, okùn ìfajọ-bátìrì àti ohun jíjẹ díẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ 31 oṣù kìíní sí ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 2011, yìnyín tó ju ínṣì 21 lọ bọ́ ní Chicago, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ sì há sí òpópónà Lake Shore Drive pẹ̀lú àwọn èèyàn nínú wọn; àárín ìlú ni èyí ti ṣẹlẹ̀ o, kì í ṣe inú igbó.

Bí yìnyín bá há yín mọ́, ẹ dúró sínú ọkọ̀. Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì láti móoru, ẹ jáde lọ wo ẹ̀yìn, kí ẹ sì gbẹ́ yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀pá èéfín, nítorí bí ó bá dí, èéfín á padà sínú ọkọ̀.

Àwọn nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú aláìsàn tó pọ̀ láàárín wa kò lè sọ pé yìnyín kò jẹ́ kí àwọn wá. Ẹ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ kí ìgbà náà tó dé, nípa bóyá ẹ lè sùn síbi iṣẹ́ tàbí kí ẹ pààrọ̀ ọjọ́. Yìnyín tó bọ́ sílẹ̀ kò léwu tó omi tó dì pẹlẹbẹ lórí ọ̀dà, tí ojú kò rí, pàápàá lórí afárá.

Kí ló dé tí wọ́n fi wọ́ ọkọ̀ mi lọ nígbà tí kò sí yìnyín rárá? Ṣé mo sì lè gbé àga tó wà lójú ọ̀nà kúrò?

Ní Chicago, láti ọjọ́ 1 oṣù kejìlá sí ọjọ́ 1 oṣù kẹrin, a kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ sí àwọn òpópónà ńlá kan láti aago mẹ́ta òru sí aago méje òwúrọ̀, yálà yìnyín bọ́ tàbí kò bọ́. Pátákó wà níbẹ̀. Ní Minneapolis, bí ìjọba bá kéde pàjáwìrì yìnyín, ọjọ́ mẹ́ta ni òfin náà fi ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ títì tí ẹ lè gbé ọkọ̀ sí a sì máa yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ẹ forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù yín.

Ní ti àga: ẹni tó bá gbẹ́ yìnyín kúrò níbi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà máa ń fi àga, garawa tàbí pákó dí ibẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà gbà á. Òfin kò tì í lẹ́yìn, ṣùgbọ́n àdúgbò tì í lẹ́yìn. Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé àga kúrò níbi tí aládùúgbò rẹ̀ ti fi wákàtí méjì gbẹ́ ti wá ìjà, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń lé àwọn ọmọ síta ní ilé ìwé nínú òtútù?

Òótọ́ ni. Àwọn ilé ìwé Midwest gbà pé ó dára kí ọmọ ṣeré níta, àfi bí òtútù bá kọjá ìwọ̀n kan tí wọ́n fúnra wọn là sílẹ̀. Ọmọ yín nílò ṣòkòtò yìnyín, bọ́ọ̀tù, fìlà àti ìbọ̀wọ́ méjì, nítorí ọ̀kan á sọnù. Kí ẹ kọ orúkọ sí gbogbo wọn. Ọmọ tí kò bá ní wọn á jókòó sínú ilé nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré, ibẹ̀ sì ni ọ̀rẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nínú ọkọ̀, ẹ má ṣe de bẹ́líìtì àga ọmọ lé kóòtù tó wú lórí. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, kóòtù náà á fún pọ̀, bẹ́líìtì á dẹ̀, ọmọ á sì yọ́ jáde. Ẹ bọ́ kóòtù, ẹ de bẹ́líìtì, kí ẹ wá fi kóòtù náà bò ó láti iwájú.

Bí wọ́n bá ti ilé ìwé nítorí yìnyín, aago márùn-ún òwúrọ̀ ni ẹ lè gbọ́ ọ. Ẹ ti bá ìdílé méjì tàbí mẹ́ta ṣe àdéhùn ṣáájú nípa ẹni tí yóò mú àwọn ọmọ. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n jáde lọ fi pátákó yọ̀ lórí òkè yìnyín. Ìbẹ̀rù òtútù tí àwa àgbà ní kò yẹ kí ó di tiwọn.

Iṣu, epo àti ẹ̀fọ́ ńkọ́?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí iṣu sun inú bùútù ọkọ̀ mọ́jú. Iṣu tó bá dì á rọ̀ bí ó bá yọ́, á sì rà. Epo pupa tó dì kò bàjẹ́. Ẹ gbé ìgò rẹ̀ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ewédú àti ṣọkọ tútù ṣọ̀wọ́n, nítorí náà èyí tó dì nínú fìrísà ni ọ̀pọ̀ ń rà. Bí wọ́n bá sọ pé yìnyín ńlá ń bọ̀, ẹ ra ọjà ní ọjọ́ méjì ṣáájú.

Ṣé a lè ṣe ìsọmọlórúkọ tàbí ìgbéyàwó ní àkókò yìí?

Ìsọmọlórúkọ kò ní kí ó yẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ. Ẹ ṣe é nínú ilé, pẹ̀lú omi, oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare, kí àwọn tó wà nítòsí péjọ, kí àwọn tó jìnnà àti àwọn ará ilé sì wò ó lórí fóònù. Àkókò òtútù ni àkókò ọ̀fìnkìn àti àìsàn èémí tó lè dá ọmọ tuntun dùbúlẹ̀, nítorí náà kò sí àrífín nínú sísọ fún àlejò pé kí ó fọ ọwọ́, tàbí pé kí ẹni tó ń wúkọ́ dúró sílé. Ẹ lè wá gbé àríyá ńlá sí oṣù karùn-ún.

Ìgbéyàwó ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n owó gbọ̀ngàn a máa dínkù. Ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó sanwó bóyá wọ́n á gbé ọjọ́ náà síwájú láìgba owó kún un bí ọ̀nà bá dí. Ní Ohio, bí olórí ọlọ́pàá káúńtì bá kéde ìpele kẹta, ọ̀nà ti dí fún gbogbo ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ pàjáwìrì. Kí àwọn obìnrin wé gèlè nínú gbọ̀ngàn, kí olúkúlùkù fi bọ́ọ̀tù wá, kí bàtà òde sì wà nínú àpò. Aṣọ ẹbí yóò hàn bí a bá ti bọ́ kóòtù.

Báwo ni a ṣe ń ṣe ìjọsìn tó gba ìbọ́bàtà tàbí àlùwàlá?

Ọmọ Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá kì í wọ bàtà bí ó bá ti wọ sùtánà. Ọ̀nà tó rọrùn ni pé kí ẹ gbé sùtánà lọ́wọ́, kí ẹ wọ bọ́ọ̀tù dé inú ilé ìjọsìn, kí ẹ sì wọ sùtánà níbẹ̀. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi fi ẹsẹ̀ lásán tẹ omi dídì.

Fún Mùsùlùmí, ìrọ̀rùn wà nínú fífi ọwọ́ tútù pa orí ìbọ̀sẹ̀ awọ tí a ti wọ̀ pẹ̀lú àlùwàlá. Ẹ bi alùfáà yín léèrè nípa irú ìbọ̀sẹ̀ tó tọ́ àti bí ó ṣe gbọ́dọ̀ pẹ́ tó. Ìrun Àsárì àti Mọ̀ǹgàríbì máa ń bọ́ sí àkókò iṣẹ́ ní oṣù kejìlá, nítorí náà ẹ tètè bá ọ̀gá yín sọ ọ́. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé ààwẹ̀ ń kúrú: Ramadan ti ń sún bọ̀ wá sínú òtútù, ọdún 2030 yóò sì rí i lẹ́ẹ̀mejì, ní oṣù kìíní àti ní òpin oṣù kejìlá.

Ṣé ìyá mi lè wá tọ́jú ọmọ tuntun ní oṣù kìíní?

Wọ́n lè wá, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ro ti ìwẹ̀ ọmọ àti ọbẹ̀ gbígbóná nìkan. Ìyá tó ti ń kí ogún èèyàn kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ọjà yóò wà nínú ilé láti òwúrọ̀ títí ẹ ó fi dé, láìgbọ́ ohùn èèyàn, pẹ̀lú wíńdò tó funfun. Ọ̀pọ̀ ìyá ni kì í sọ ọ́. Wọ́n á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọjọ́ ìpadà. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n dé ní oṣù kẹsàn-án, kí wọ́n ti mọ àdúgbò kí ilẹ̀ tó tutù.

Bí oṣù kìíní bá di dandan, ẹ wá ìyá mìíràn tó wà nítòsí tí wọn yóò jọ máa sọ̀rọ̀, kí ẹ sì máa gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ ra ìbánidíyelófò ìlera fún wọn, nítorí egungun tó ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ń gbówó lórí. Ẹ kọ́ wọn láti máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹsẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ, kí ọwọ́ má sì sí nínú àpò. Kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan ṣọ́bìrì rárá. Gbígbẹ́ yìnyín nínú òtútù máa ń fa àìsàn ọkàn òjijì fún àgbà àti fún ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ agbára.

A fẹ́ lọ sí Nàìjíríà ní oṣù kejìlá. Kí ni kí a ṣe sí ilé?

Ẹ má ṣe pa hítà. Ẹ fi í sí dígírì 55 ó kéré tán, kí páìpù omi má baà dì kí ó sì bẹ́. Ẹ ti omi láti orísun, kí ẹ tú èyí tó wà nínú páìpù sílẹ̀, àyàfi bí hítà yín bá jẹ́ èyí tó ń lo omi, tí ẹ ó kọ́kọ́ bi oníṣẹ́ rẹ̀ léèrè. Ẹ fún ẹnì kan ní kọ́kọ́rọ́ kí ó máa wọlé wò ó, kí ó sì rí ẹni gbẹ́ yìnyín ojú ọ̀nà, nítorí ọ̀pọ̀ ìlú máa ń bu owó ìtanràn lé onílé tí kò gbẹ́ ẹ.

Mo ti ń gbé níbí fún ọdún kan, n kò sì mọ ẹnikẹ́ni. Ṣé àwọn ará ibí kì í kí ara wọn ni?

Wọ́n ń kí ara wọn, ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní olúkúlùkù ń sáré láti inú ọkọ̀ wọ ilé. Ọjọ́ tí yìnyín bọ́ gan-an ni ọjọ́ tó rọrùn jù láti mọ aládùúgbò, nítorí gbogbo èèyàn ló wà níta pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Ẹ gbẹ́ ti ilé yín, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú dé iwájú ilé ẹni tó tẹ̀ lé yín. N kò mọ ohun mìíràn tó ń tètè ṣí ẹnu ará Midwest bí èyí.

Láàárín àwa fúnra wa, ohun tó ń ba ẹgbẹ́ jẹ́ ni “a ó máa wò ó”. Ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú máa ń já ní oṣù kejì, nígbà tí àwọn èèyàn nílò rẹ̀ jù lọ. Ẹ mú ọjọ́ kan tí kò ní yẹ̀, bíi Sátidé kejì nínú oṣù; ilé yìí lónìí, ilé tọ̀hún lóṣù tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù gbé abọ́ kan dání. Bí ọ̀nà bá dí, ẹ ṣe é lórí fóònù ní wákàtí kan náà. “Ẹ kú òtútù o” láti ẹnu ènìyàn mẹ́wàá ní alẹ́ Sátidé ń ṣe ohun tí tẹlifíṣàn kò lè ṣe.

Láti oṣù kọkànlá ni ara mi ti ń wúwo, n kò sì fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Ṣé àìsàn ni, àbí ọ̀lẹ?

Kì í ṣe ọ̀lẹ. Dókítà Norman Rosenthal, ẹni tó ti South Africa wá sí Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe irú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn yìí ní ọdún 1984: ó ń dé bí ọ̀sán bá ti ń kúrú, ó sì ń lọ bí ìmọ́lẹ̀ bá padà. Oorun á pọ̀ jù, ebi ohun dídùn á máa pani, iṣẹ́ tó rọrùn tẹ́lẹ̀ á di òkè.

Iná kan wà tí wọ́n ṣe fún un, tí agbára ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ lux 10,000. A máa ń jókòó tì í fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 ní òwúrọ̀. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó lò ó, pàápàá bí ẹ bá ní àìsàn ojú tàbí tí ọkàn yín máa ń ru sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ vitamin D yín wò pẹ̀lú: ní agbègbè yìí, oòrùn ìgbà òtútù kò lágbára tó láti jẹ́ kí ara ṣe é, awọ dúdú sì nílò oòrùn púpọ̀ ju awọ funfun lọ. Ẹ máa jáde rìn ní ọ̀sán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní Minneapolis, ẹ lè gba Skyway, ọ̀nà tó wà lókè títì tó so àwọn ilé ńlá àárín ìlú pọ̀, tí ó ti wà láti ọdún 1962.

Ọ̀rẹ́ mi kì í gbé ìpè mọ́, ó sì ní kò sí nǹkan. Ṣé kí n lọ sí ilé rẹ̀ láìsọ fún un?

Ẹ lọ. Mo mọ̀ pé àṣà Amẹ́ríkà sọ pé kí a pè kí a tó wá, ó sì dára kí ẹ tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ kan pé ẹ ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bèèrè bóyá kí ẹ wá, nítorí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti wúwo yóò sọ pé rárá. Ẹ gbé oúnjẹ tí a kò ní sè mọ́ dání. Ẹ jókòó. Ẹ fọ abọ́ bí ó bá wà nílẹ̀, kí ẹ má sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Bí ó bá dàgbà jù yín lọ, ẹ lè fi iṣẹ́ kan ṣe ìdí ìwá yín, bíi gbígbẹ́ yìnyín tàbí wíwo hítà, kí iyì rẹ̀ má baà ṣubú.

Bí ẹ bá ti jókòó pẹ́, ẹ bi í ní tààrà bí ó ṣe ń sùn, bí ó ṣe ń jẹun àti bóyá ó tiẹ̀ ń ronú pé ikú sàn. Bíbéèrè rẹ̀ kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn. Bí ó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ jọ pe 988, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tó ń ro irú èrò yìí, tó ń dáhùn tọ̀sán-tòru láìgba owó, tàbí 911 bí ewu bá ti wà nílẹ̀. Ẹ gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀ bí ó bá fẹ́, kí ẹ sì tún bá a dá ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ fúnra yín gbé e lọ.

Ẹ dá ọjọ́ tí ẹ ó tún padà wá kí ẹ tó dìde, kí ẹ sì wá ní ọjọ́ náà. Ẹ ní kí ẹni kejì àti ẹni kẹta nínú ẹgbẹ́ pín ọjọ́ tó kù láàárín ara wọn títí di oṣù kẹrin.